Ẹnu táǹkì tó dógùn-ún: Bí ohun kékeré ṣe ń jẹ owó oníṣòwò ní Festac àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin

Oníṣòwò tó ń fi ọkọ̀ àtijọ́ gbé ọjà kiri Festac, Àgbojú àti Abúlé-Àdó sábà máa ń fura sí ènìyàn kó tó fura sí irin. Bó bá ra epo kún táǹkì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí awakọ̀ wá pè é lọ́jọ́rú pé epo ti ń tán, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé awakọ̀ ti fa epo tà. Ìjà á bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè lé awakọ̀ lọ, kí wọ́n gba ẹlòmíràn, síbẹ̀ epo kò ní yé tán kíákíá. Nígbà mìíràn, olè tí wọ́n ń wá kò rìn lẹ́sẹ̀ méjì rárá. Ẹnu táǹkì ló wà, níbi tí ìpáàrà ti jẹ irin dé ojú ihò.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ohun tí ènìyàn lè fojú fò dá. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo tí kò tó náírà 200 ní lítà kan l'Ékòó gun òkè dé nǹkan bíi náírà 500, kò sì padà sí ibi tó ti ń bọ̀ mọ́. Bí lítà kan péré bá ń ṣòfò lójúmọ́ lára ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, lítà 26 nìyẹn. Lọ́dún, ó di lítà 312. Kí oníṣòwò fi iye tó ra epo lánàá sọ ọ́ di púpọ̀, kó wá wò ó bóyá owó tó ń jáde kò tó ra ẹ̀yà tó bàjẹ́ náà.

Ẹ̀yà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń pe méjèèjì ní nǹkan kan náà. Àkọ́kọ́ ni ẹnu táǹkì fúnra rẹ̀, ìyẹn kòtò tó rí bí abọ́ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn kékeré tí wọ́n máa ń ṣí nílé epo. Inú abọ́ yìí ni ìdérí táǹkì wà. Ìkejì ni ọrùn táǹkì, páìpù tó gba ẹ̀yìn táyà kọjá lọ bá táǹkì nísàlẹ̀. Rọ́bà tó nípọn ló so ọrùn mọ́ táǹkì, páìpù tín-ín-rín kan sì máa ń bá a rìn, tí afẹ́fẹ́ inú táǹkì ń gbà jáde bí epo ti ń wọlé. Nísàlẹ̀ abọ́ yẹn, ihò kékeré kan wà tí omi òjò ń gbà ṣàn lọ sílẹ̀.

Ihò kékeré yìí ni ìpìlẹ̀ wàhálà. Eruku, ewé àti ìdọ̀tí á dí i pa, omi òjò á wá dúró sínú abọ́ bí omi inú agbada. Omi tó dúró lórí irin, tí afẹ́fẹ́ sì ń dé bá a, kò ní ṣe méjì ju kó mú irin náà dógùn-ún lọ. Bí rọ́bà ìdérí táǹkì bá ti gbó, omi yẹn kò ní dúró lójú kan, á máa jò wọ inú táǹkì díẹ̀díẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: ẹni tó bá ti fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò náà ṣí lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìdajì ìnáwó tí a fẹ́ sọ nípa rẹ̀ yìí.

Kí ló dé tó fi pọ̀ lágbègbè yìí? Ìdí àkọ́kọ́ ni ibi tí àwọn ọkọ̀ náà ti wá. Ní Amẹ́ríkà, Kánádà, Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀mù, iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Táyà á máa ta omi iyọ̀ yẹn sẹ́yìn ara rẹ̀, níbi tí ọrùn táǹkì fara pamọ́ sí gan-an. Iyọ̀ kò jẹ irin fúnra rẹ̀, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí omi ṣiṣẹ́ ìpáàrà kíákíá. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló ti gbé àìsàn yìí wá láti òkè òkun kó tó fojú kan Èkó. Ìkejì ni pé Festac kò jìnnà sétí òkun, ọ̀sà àti odò sì yí i ká, nítorí náà afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní iyọ̀ àti ọ̀rinrin nínú. Kí àkúnya omi inú òjò tó wá dé rárá nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò ṣàjèjì sí agbègbè náà tẹ́lẹ̀. Ìlú Festac ni ìjọba kọ́ fún àwọn àlejò tó wá síbi àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé láti ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, sí ọjọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 1977. Nígbà yẹn, iléeṣẹ́ Volkswagen of Nigeria ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, láti ọdún 1975. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń to Volkswagen tí àwọn Yorùbá ń pè ní ìjàpá. (Iwájú ni táǹkì ìjàpá wà, ẹ́ńjìnnì sì wà lẹ́yìn, ó sì ya ọ̀pọ̀ ọmọdé ìgbà náà lẹ́nu.) Títì yẹn kan náà ló lọ sí Sẹ̀mẹ̀ títí dé Kútọnu, níbi tí àìmọye tòkunbọ̀ ti ń gbà wọlé kó tó di pé ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tó wọlé nígbà náà ṣì ń gbé búrẹ́dì, omi inú ọ̀rá àti ọjà lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí.

Bí ọrùn táǹkì bá ti jò, ohun kan wà tó máa ń tú àṣírí rẹ̀. Ọrùn ga ju táǹkì lọ, nítorí náà epo kì í dé ibi tó lu àyàfi bí táǹkì bá kún, tàbí bí ọkọ̀ bá ń ṣẹ́ kọ́nà. Ìdajì àkọ́kọ́ nínú táǹkì á wá máa tán kíákíá ju ìdajì ìkejì lọ. Òórùn epo á máa gba ẹ̀yìn ọkọ̀ wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ra epo kún, á sì dá bó bá di ọjọ́ kejì. Awakọ̀ tó ń fa epo tà kì í yan ìdajì tó máa fà. Ká fi ọkọ̀ kan tó ń gbé búrẹ́dì láti Festac lọ sí Satellite Town ṣe àpẹẹrẹ: bí olówó rẹ̀ bá ń kọ iye kìlómítà tí ọkọ̀ rìn àti iye lítà tó rà sínú ìwé, tó sì gbìyànjú ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú táǹkì kíkún àti ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ìdajì táǹkì, ìwé náà yóò sọ fún un bóyá awakọ̀ ló yẹ kó bá wí tàbí irin.

Omi tó wọ inú epo tún jẹ́ ọ̀nà mìíràn tí owó ń gbà lọ. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ táǹkì ló sì máa ń lọ jókòó sí, níbi tí páǹpù ti ń fa epo. Ọkọ̀ á máa já lójijì, á máa kọ̀ láti jí láàárọ̀ lẹ́yìn òjò, páǹpù àti íńjẹ́tọ̀ á sì máa bàjẹ́ léraléra. Láti oṣù Kejì, ọdún 2022, nígbà tí wọ́n rí i pé bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ti wọ Nàìjíríà, ó ti di àṣà kí gbogbo ènìyàn di ẹ̀bi ru ilé epo. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àtimọ̀ kò le: kí mẹkáníìkì fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ìgò funfun, kó gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí omi bá wà níbẹ̀, á yà sọ́tọ̀ sísàlẹ̀ ìgò, ojú lásán á sì rí i. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn òjò nìkan ni omi yìí ń yọjú, kí wọ́n fi ilé epo sílẹ̀, kí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn kékeré yẹn wò.

Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 tún ní àmì tiwọn. Kọ̀ǹpútà inú wọn máa ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ epo tó ń jáde láti inú táǹkì, bó bá sì ti ń jò, iná "check engine" á tàn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ńbà P0442 tàbí P0455 ló sábà máa ń jáde. Àkọ́kọ́ ń sọ pé ó ń jò díẹ̀, ìkejì ń sọ pé ó ń jò púpọ̀. Ìdérí táǹkì tí kò dé dáadáa àti ọrùn táǹkì tó lu ni ibi méjì tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Mẹkáníìkì tó bá rí nọ́ńbà yìí, tó sì ní kí oníbàárà lọ ra sẹ́ńsọ̀ tuntun kó tó wo abẹ́ ọkọ̀, owó oníbàárà ló fi ń kọ́ṣẹ́.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ọkọ̀ àtijọ́ fún iṣẹ́ náà ní ohun tó yẹ kó ṣe. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe fún títà mọ bí wọ́n ṣe ń fi pọ́tì dí ibi tó ti jẹrà, tí wọ́n á kùn ún lọ́dà, tí á sì máa dán gbinrin. Òòfà kékeré ni oògùn rẹ̀. Òòfà máa ń lẹ̀ mọ́ irin, kì í lẹ̀ mọ́ pọ́tì. Kí onítọ̀hún fi rìn yí ìlẹ̀kùn ẹnu táǹkì ká. Níbi tí òòfà bá ti jábọ́, kò sí irin níbẹ̀ mọ́, owó ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Kò ní ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ tí iléeṣẹ́ fi ike tàbí alumíníọ̀mù ṣe ibẹ̀, àmọ́ ìwọ̀nba ni irú wọn láàárín àwọn ọkọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Ní ti ríra ẹ̀yà, ará Festac kò ní láti rìn jìnnà. Ọjà ASPAMDA, ìyẹn ti ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta sípíà páàtì àti ẹ̀rọ, wà nínú ọgbà Trade Fair lójú títì Àgbádárìgì. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ níbẹ̀ lè kọjá sí Ládípọ̀ ní Múṣin. Kí ó gbé ẹ̀yà àtijọ́ dání tàbí kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kó sì kọ nọ́ńbà ṣáásí ọkọ̀ sórí ìwé, nítorí pé ọkọ̀ méjì tó jọra lójú lè ní ọrùn táǹkì tó yàtọ̀ síra. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n sọ yékéyéké kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ni bóyá ọlọ́jà máa gbà á padà bí kò bá wọlé, kó sì hàn lórí rìsíìtì.

"Belgium", ìyẹn àlòkù láti òkè òkun, kì í sábà wọ́n tó tuntun, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí ó ní ìtanjẹ tirẹ̀. Orílẹ̀-èdè oníyọ̀ yẹn kan náà ni àlòkù náà ti wá, ó sì lè jẹ́ pé ara ọkọ̀ tí wọ́n já torí ìpáàrà ni wọ́n ti yọ ọ́. Kí olùrà má wo ọ̀dà òkè rẹ̀. Kó wo ibi tí irin kékeré tó dì í mú mọ́ ara ọkọ̀ gbé wà, torí abẹ́ ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ti máa ń pamọ́. Kó fi ojú sukudírífà kàn án: bó bá dún kọ́kọ́, ó dára, bó bá ń wó wálẹ̀ bí àkàrà tó gbẹ, kó gbé e sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Fún ọkọ̀ tó ń fi ojoojúmọ́ mú owó wọlé, tuntun tó bá ṣe rẹ́gí ló dára jù, bó tilẹ̀ gbówó lórí.

Àwọn kan máa ń ní kí wẹ́dà fi páìpù omi rọ ọrùn táǹkì. Kò yẹ. Páìpù omi kò ní ibi tí ìdérí máa jókòó sí dáadáa, kò sì ní ọ̀nà afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó: bẹntiróòlù á wú u, á sọ ọ́ di rọ́kọ́rọ́kọ́, á sì já. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún epo, pẹ̀lú kílíìpù tuntun méjì, ni kí wọ́n rà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni iná. Àwọn ará Amúwò-Ọ̀dọ̀fin mọ ohun tí iná lè ṣe. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 2020, ìbúgbàù kan ṣẹlẹ̀ ní Abúlé-Àdó, nítòsí ọ̀pá epo, tó pa ènìyàn tó lé ní mẹ́wàá, tó wó ọ̀pọ̀ ilé, tó sì ba ilé ẹ̀kọ́ Bethlehem Girls College jẹ́. Ti inú ọgbà mẹkáníìkì kò ní tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń fà á: afẹ́fẹ́ tó lè gbiná, àti ìpa iná kékeré kan.

Bẹntiróòlù fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń gbiná, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lára rẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ, kì í fò lọ sókè, ilẹ̀ ló máa ń tẹ́ sí, tí á sì ṣàn lọ sínú kòtò àti gọ́tà. Bó bá ti tó nǹkan bí ìdá 1.4 sí ìdá 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ó ti tó gbiná. Ìdí nìyí tí táǹkì tó ṣófo fi léwu ju èyí tó kún lọ. Èyí tó kún kò ní àyè fún afẹ́fẹ́, èyí tó ṣófo kún fún un bámúbámú. Wẹ́dà tó bá sọ fún oníbàárà pé kò séwu torí pé àwọn ti fa epo inú rẹ̀ tán, kò mọ ohun tó ń sọ, kí onítọ̀hún wa ọkọ̀ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ohun tó dùn mọ́ni ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni iṣẹ́ yìí kò nílò iná rárá. Bó bá jẹ́ ọrùn táǹkì nìkan ló bàjẹ́, nọ́ọ̀tì mélòó kan ni wọ́n máa tú lẹ́nu abọ́, wọ́n á tú ìkan tó dì í mú nísàlẹ̀, wọ́n á tú kílíìpù rọ́bà, wọ́n á sì yọ ọ́. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè ṣe é láàárín ọjọ́ kan, àyàfi bí nọ́ọ̀tì bá ti dógùn-ún mọ́lẹ̀. Kí wọ́n fi epo tó ń tú ìpáàrà rin nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn láti alẹ́ àná, kí wọ́n má fi iná yọ́ wọn.

Bó bá jẹ́ abọ́ tó jẹ́ ara ọkọ̀ ló jẹrà, iṣẹ́ panẹ́bítà ló dé yẹn, ètò rẹ̀ sì ṣe pàtàkì. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ orí bátìrì, torí iná wẹ́dà lè ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́, kí ìpa iná má sì ti ibẹ̀ wá. Kí wọ́n fa epo sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, kí wọ́n sọ táǹkì kalẹ̀ pátápátá, kí wọ́n fi nǹkan dí gbogbo ẹnu rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e jìnnà síbi iṣẹ́, sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Páìpù tó gbé epo lọ sí ẹ́ńjìnnì náà, kí wọ́n dí i. Kí wọ́n fi ayùn irin gé ibi tó jẹrà, kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń ta iná. Títí wọ́n fi máa parí, kí ẹ̀rọ ìpaná wà nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má sì tan jẹnẹrétọ̀ tàbí mu sìgá nítòsí táǹkì. Bí panẹ́bítà bá ní sísọ táǹkì kalẹ̀ máa fi owó kún owó iṣẹ́, òótọ́ ló sọ, ó sì yẹ kí oníbàárà san án. Níbi tí abọ́ tuntun bá ti lè jókòó dáadáa, rífẹ́ẹ̀tì àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ ara ọkọ̀ tó láti gbé e dúró, kò sídìí fún iná wẹ́dà.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí irin funfun á fi yọ, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí wọ́n tó kun ọ̀dà ọkọ̀ lé e. Abẹ́ rẹ̀, níbi tí táyà ń ta omi sí, kí wọ́n fi ọ̀dà dúdú abẹ́ ọkọ̀ bò ó. Ìbòrí ike tó wà nínú ihò táyà, tí àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ sọnù torí pé ó ń yọ wọ́n lẹ́nu, kí wọ́n dá a padà. Wáyà kékeré kan sábà máa ń so ọrùn táǹkì mọ́ ara ọkọ̀. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń gbé iná tó ń kóra jọ nígbà tí epo bá ń ṣàn lọ sílẹ̀, kó má baà ta pàrà lẹ́nu páǹpù nílé epo. Tí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, kí olówó ọkọ̀ ní kí wọ́n tún un dè lójú òun.

Kí oníṣòwò tó gbé ọkọ̀ lọ, kó ṣírò ọjọ́ tí ọkọ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Owó tí ọkọ̀ kò ní pa fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lè ju owó ẹ̀yà lọ, nítorí náà kó ra gbogbo nǹkan tán, rọ́bà, kílíìpù, ìdérí tuntun, kó tó gbé ọkọ̀ wọ ọgbà. Ọkọ̀ tó bá ń dúró de kílíìpù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó sí ẹni tó máa rà á títí di ọjọ́ Ajé. Kó sì rántí pé ìwé adójútòfò oríṣi "third party" tí ọ̀pọ̀ ń gbà kò ní san owó ọkọ̀ tirẹ̀ bó bá jóná; ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn nìkan ló wà fún.

Bí wọ́n bá ní àwọn ti parí, kí olówó ọkọ̀ má tíì san gbogbo owó. Kó dé ìdérí táǹkì, kó da ife omi kan sínú abọ́, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Ibi ihò kékeré yẹn nìkan ló yẹ kí omi gbà jáde, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́. Kó wá wakọ̀ lọ sílé epo, kó ra epo kún, kó yí kọ́nà ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó padà wá bẹ̀rẹ̀ wò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, tí kò sì gbóòórùn, kó san ìyókù.